Tábà Ọdún Tí Káfíńtà Pò Sílẹ̀

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ní òfin kan lórí tábà ọdún: ẹni tó bá pò ó kò gbọdọ̀ ṣí i. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo pò ó, òun ni yóò tú àbẹ́là tí a fi dí ẹnu ìgò náà, òun ni yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, òun ni yóò sì rọ tèmi sínú ìkòkò tábà mi kó tó rọ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun ló pò ó, èmi ni n óò ṣe gbogbo ìyẹn. Òun ló ṣòfin náà. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní nígbà tí òun bá ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbóòórùn nǹkan, imú òun kì í mọ̀ ọ́n mọ́, àfi kí imú ẹlòmíràn bá òun gbọ́ ọ. Mo rò pé irọ́ ló ń pa. Èrò tèmi ni pé ó kàn fẹ́ rí i dájú pé kò sí èyí tó máa lè dá ọdún ṣe nínú àwa méjèèjì.

Káfíńtà ni mo máa ń pè é, òun náà a máa pè mí ní Fítà. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ṣàngó la ti pàdé. Èmi ni mo ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀, òun sì máa ń wá kan pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, Mùsùlùmí ni, ilé bàbá rẹ̀ wà lọ́nà Ìjù. Èmi wá láti òkè, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, iṣẹ́ ló sì gbé mi dé Ọ̀tà nígbà tí ilé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ilé ìjọsìn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn kò lè mọ ìgbà yẹn, ẹ má da ara yín láàmú.

Ọ̀gá wa kan wà nílé iṣẹ́ náà, ará Íńdíà, tó máa ń fa ìkòkò. Bó bá ti lọ fún ìsinmi tó sì ń padà bọ̀ nínú oṣù Kejìlá, yóò gbé agolo tábà kan dání, agolo pupa tí wọ́n ya agbọ̀nrín sí lára. Kò sí bó ṣe máa tan iná sí tábà yẹn tí gbogbo wa ò ní gbé imú sókè. Òórùn ọsàn wà nínú rẹ̀, òórùn oyin wà nínú rẹ̀, nǹkan kan sì tún wà lábẹ́ wọn tí ẹnikẹ́ni kò lè dárúkọ, tó kàn máa ń jẹ́ kéèyàn rántí ilé tí wọ́n ti ń dín nǹkan ọdún. Lọ́jọ́ kan Káfíńtà lọ dúró tì í bí ẹni pé ó ń wọn pákó. Kò wọn nǹkan kan. Ọ̀gá rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Carpenter, na Christmas tobacco be this. My people no dey do Christmas o, but this one sweet pass food.”

Nígbà tí nǹkan kò lọ déédéé mọ́ nílé iṣẹ́, wọ́n ní kí ọ̀gá náà máa padà sílùú rẹ̀. Agolo náà àti ìyókù tábà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kó lé Káfíńtà lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń lọ. Káfíńtà fi igi gúrọ́fà gbẹ́ ìkòkò méjì, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún mi. Èmi fi ike dúdú tí wọ́n fẹ́ dà nù lẹ́bàá ẹ̀rọ ṣe ẹnu tí a ó máa fi fà á. A jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nílé wọn, lábẹ́ igi máńgòrò, a fa tábà ọ̀gá. Kò pẹ́ tó fi sọ fún mi pé ó ti tán. Ó wò mí, ó ní, “Fítà, ṣé a ò lè ṣe èyí fúnra wa ni? Ṣé èèyàn kọ́ ló ṣe é?”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, àwọn kan ń sin ẹyẹlé, tiwa ni pé a ń wá òórùn kan kiri. Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe kò ṣe é fà. Oyin pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé èèrà jẹ níbẹ̀ ju àwa lọ, èyí tó sì kù kò gbaná. Nígbà tí a tún máa ṣe òmíràn, Káfíńtà da atalẹ̀ gbígbẹ sí i, ó ní nǹkan ọdún gbọ́dọ̀ ta ni lẹ́nu díẹ̀. A sín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Ìyàwó rẹ̀ jáde wá wò wá láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó pòṣé, ó padà wọlé.

Níkẹyìn ó bọ́ sí i. Ewé tábà tó wá láti Òkè-Ògùn la máa ń rà ní ọjà Ọ̀tà. A ó ya egungun àárín rẹ̀ dà nù. A ó sá èèpo ọsàn sórí páànù títí yóò fi gbẹ táútáú, a ó rún un. A ó gún kànáfùrù díẹ̀, díẹ̀ ṣá, torí kànáfùrù kì í mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. A ó fi omi gbígbóná po ògidì oyin, a ó wọ́n gbogbo rẹ̀ sórí ewé, a ó tò ó léra, a ó há a sáàárín pákó méjì, èmi yóò sì fi irin tí mo fi ń di nǹkan mú níbi iṣẹ́ fún un pa. Bó bá ti pẹ́ tó níbẹ̀, yóò dì, yóò dúdú, yóò máa dán. Ọ̀bẹ tó mú ni Káfíńtà fi máa ń ré e wẹ́wẹ́. Inú ìgò kọfí ńlá la máa ń kó o sí. A ó wá yọ́ àbẹ́là yí ìdérí rẹ̀ ká, ó di ọjọ́ ọdún.

Èmi ni mo ń po ti Kérésìmesì, òun ló ń po ti Iléyá. Àlùfáà ìjọ mi máa ń bá mi wí lórí ìkòkò tábà mi, àfáà àdúgbò tirẹ̀ náà a máa bá a wí. A jọ ń gba ìbáwí ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Kérésìmesì. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo jẹun tán, n óò fi ọ̀rá wé ìgò náà, n óò gba ọ̀nà Ìjù lọ. Káfíńtà yóò ti fọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Kò ní jẹ́ kí n jókòó dáadáa tó fi máa na ọwọ́ sí mi. Yóò fi ọ̀bẹ kékeré tú àbẹ́là náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò ṣí ìdérí, yóò ki imú bọ inú ìgò, yóò sì dijú. Èmi á máa wo ojú rẹ̀. Àgbàlagbà bí èmi, tí mo ti bímọ tí mo ti kọ́lé, àyà mi á máa já bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà ń máàkì iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni yóò la ojú, yóò ní, “Ó dáa. Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan.”

“Kí ló kù?”

“Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé mi ò ní sọ fún ẹ ni?”

Ọdọọdún ló ń sọ ọ́. Bí òun gan-an ló pò ó, tí èmi sì ṣí i, tí mo ní ó dáa, òun náà ló máa tún sọ pé ó ku nǹkan kan. Mo bínú sí i lórí ọ̀rọ̀ yẹn rí, mo ní kó lọ bá ará Íńdíà ní Íńdíà kó lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nà gbalaja sórí àga.

Yóò wá rọ tábà sínú ìkòkò mi, ti ìsàlẹ̀ kó fúyẹ́, ti òkè kó le díẹ̀, yóò gbé e fún mi, yóò rọ tirẹ̀, yóò sì ṣáná sí méjèèjì. Bí a bá kọ́kọ́ fà á, ọsàn ló máa ń wá. Tó bá ṣe díẹ̀, kànáfùrù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta wá lórí ahọ́n. Oyin kì í yára, ìgbà tí ìkòkò bá dé àárín ló ń yọjú, á sì kù sí ètè. Ìgbà tó bá ti fẹ́ tán la ó wá gbọ́ ewé fúnra rẹ̀, tó korò díẹ̀, tó sì tutù lọ́kàn ẹni. Ọyẹ́ á máa fẹ́ láti inú igbó tó wà níwájú wa, á máa kó èéfín wa lọ. Kò sí ibi tí inú mi ti ń dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyàwó mi, mo fẹ́ràn àwọn ọmọ mi, síbẹ̀ mo ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà yìí, wọ́n dé tẹrùtẹrù. Ẹ kọjá lónìí, ẹ rí igbó. Ẹ kọjá lọ́la, ẹ rí ọgbà àti géètì. Gbọ̀ngàn ńlá jáde níhìn-ín, yunifásítì jáde lọ́hùn-ún. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, láti Toll Gate ni ọkọ̀ yóò ti tò. Onílé tó ní yàrá òfìfo kan sọ ọ́ di ilé akẹ́kọ̀ọ́. Ilé iṣẹ́ wa náà kógbá sílé, ìjọ kan ra ilé rẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní funfun. Mo wọ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣègbéyàwó ọmọ ojúlùmọ̀ mi kan. Ibi tí òróró ti máa ń kán sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ mi gan-an ni ìyàwó dúró sí. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí, ẹ̀rù ń bà mí kó má yọ̀.

Èmi ń ráhùn, ṣùgbọ́n Káfíńtà kò ráhùn ní tirẹ̀. Ó ní èèyàn ló ń jẹ́ ìlú. Òun ló sì kan púpọ̀ nínú àga tí wọ́n jókòó lé. Àwọn àlejò náà kì í ṣe èèyàn burúkú, wọ́n máa ń kí wa. Àwọn mìíràn á bo imú wọn, wọn á sì kí wa láti inú ọwọ́. Lọ́jọ́ Iléyá kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì yà sọ́dọ̀ wa níbi tí a ti ń fa tábà. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ẹ kú ọdún, ẹ̀yin bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ̀ pé body yín yẹn, temple Ọlọ́run ni?”

Káfíńtà yọ ìkòkò lẹ́nu, ó ní, “A mọ̀, ọmọ mi. Tùràrí la ń sun níbẹ̀.”

Ọmọ náà gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ẹran Iléyá ló jẹ kó tó lọ.

Ní àwọn ọdún yẹn, ohun kan wà tí Káfíńtà ń ṣọ́. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ eré wa yìí, Iléyá jìnnà sí Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n Iléyá kì í dúró lójú kan. Lọ́dọọdún ló ń yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà. Káfíńtà á gbé kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí dání, á ní, “Fítà, wọ́n ń bọ̀ wá pàdé ara wọn o. Ọdún mi ń bọ̀ wá kí ọdún ẹ.” A wá fohùn ṣọ̀kan pé ọdún tí méjèèjì bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, ìgò kan ṣoṣo la máa ṣe. Òun ni yóò pò ó. Èmi ni n óò ṣí i láàárọ̀ Iléyá, a ó sì máa fà á títí Kérésìmesì yóò fi wọlé. Ó ní nǹkan kan wà tí òun fẹ́ fi sí ti ọdún yẹn, òun kò sì ní sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní atalẹ̀ ló tún fẹ́ fi pa mí. Ó ní, “Imú ẹ ló máa sọ fún ẹ.”

Ọdún náà dé. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáwọ́ dúró nígbà tó sọ fún mi pé òun ti pò ó, òun ti ré e, òun sì ti fi àbẹ́là dí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Lẹ́yìn ìyẹn, kò pẹ́ rárá, ó ṣubú nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí n tó gbọ́, kí n tó wọ aṣọ, kí n tó rí ọkọ̀ láti Ṣàngó, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin ín.

Níbi tí a ti ń kúrò níbi sàréè, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ fún yunifásítì kan bá mi rìn díẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, “Bàbá, tábà yẹn náà ni o. A sọ títí, ẹ ò gbọ́.” Kò sọ ọ́ tàrífíntàrífín. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ni, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti lè dúró ni yóò kó o lé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní egungun. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni nígbà yẹn, mi ò sì mọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bí mo ṣe ń ronú ìgò náà nìyẹn tí mi ò lè lọ béèrè rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa dúró níwájú àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, tí n óò ní kí wọ́n bá mi wá tábà? Síbẹ̀ ohun tó kù lọ́wọ́ Káfíńtà fún mi láyé ni. Kò sí fọ́tò kankan tí àwa méjèèjì jọ yà. Ó fi nǹkan kan sínú ìgò yẹn fún mi, ó ní imú mi ló máa sọ ọ́. Mo pinnu pé n óò dúró di ọjọ́ Iléyá. Ọjọ́ àdéhùn wa ni, ojú á tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n óò béèrè.

Láàárọ̀ Iléyá, mo dúró kí àwọn èèyàn dé láti Yídì. Mo wọ agbádá tí Káfíńtà máa ń pè ní àgọ́ òṣìṣẹ́. Mo fi ìkòkò gúrọ́fà sí àpò. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni mo ń ṣe àtúnṣe ohun tí n óò sọ: ìyàwó wa, ọkọ yín fi nǹkan kan pamọ́ dè mí. Ìyàwó wa, ẹ má bínú.

Mi ò tíì dé géètì nígbà tí mo gbọ́ òórùn náà.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi wọ́n àgbàlá nítorí eruku ọyẹ́, ilẹ̀ tútù náà sì ń tú òórùn sókè: ọsàn, kànáfùrù, oyin. Mo fẹ́ẹ́ pè é. Ẹnu mi ti là. Ó dà bíi pé ó wà lẹ́yìn ilé, tí kò lè ní sùúrù mọ́, tó ti ṣí i láìdúró dè mí. Ìgbà tí mo wo ilẹ̀ ni mo rí i. Tábà wẹ́wẹ́ náà wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n fọ́n ọn yí ilé ká, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wà lábẹ́ fèrèsé, ó ti dàpọ̀ mọ́ iyanrìn. Àwọn adìẹ ti ń tan apá kan rẹ̀ kiri.

Ìyàwó Káfíńtà ń ṣe opó lọ́wọ́, èyí tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní tákàbà, kì í sì í jáde kúrò nílé. Inú yàrá ló jókòó sí, lẹ́yìn kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ọ̀pá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà ló gbé àga fún mi.

“Ẹ kú ọdún, ìyàwó wa,” mo ní. “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.”

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìrìn. Mo mọ̀ pé ẹ máa wá.” Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. “Ẹ má bínú pé ilé rí báyìí. Ejò ni ò jẹ́ ká sùn.”

“Ejò?”

“Látìgbà tí katakata àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ti ń wó igbó ẹ̀yìnkùlé wa. Ibo ni kí ejò náà gbà? Ọ̀dọ̀ wa ló ń wá. A pa ọ̀kan ní kíṣìnnì. A tún rí òmíràn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ sì rí i pé tákàbà ni mo wà, mi ò lè sá lọ síbì kan. Ìgbà náà ni mo rántí pé ejò kì í fẹ́ gbóòórùn tábà. Mo tú àpótí ìṣó bàbá wọn, mo bá ìgò kan níbẹ̀, ó kún dẹ́nu. Mo ní Alhamdulillah, ó tilẹ̀ fi ààbò sílẹ̀ fún wa. Mo fọ́n ọn yí ilé ká. Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì rí ẹyọ kan látìgbà yẹn.”

Inú bí mi. N kò ní purọ́, inú bí mi sí obìnrin náà, inú bí mi sí katakata, sí ejò, sí gbogbo ẹni tó ń kọ́ gbọ̀ngàn. Èyí tó burú jù ni pé inú bí mi sí Káfíńtà, tó ṣòfin pé èèyàn méjì gbọ́dọ̀ wà, tó sì lọ.

Ó tún ní, “Ìgbà tí mo fi ọ̀bẹ tú àbẹ́là yẹn, tí òórùn rẹ̀ jáde, ẹ ò ní gbàgbọ́, ṣe ló dà bíi pé ó ṣí ilẹ̀kùn wọlé. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún dáadáa. Kí n tó ṣe ìyẹn, mi ò tíì lè sunkún.”

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí nínú omijé. Òun kọ́ ló pò ó. Kò rú òfin.

“Ó ku díẹ̀ nínú ìgò,” ó ní. “Ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì ni mo fi pamọ́ dè, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé. Àbí ẹ fẹ́ mú un lọ, ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀yin náà kúkú ń fà á.”

Ọwọ́ mi ti wà nínú àpò, ó ti di ìkòkò mi mú. “Bẹ́ẹ̀ ni” ló wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọbìnrin náà, tó jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti jókòó, kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Mo ní, “Ẹ gbé e wá. Èmi ni n óò bá yín fọ́n ọn.”

Ọmọ náà gbé ìgò náà fún mi. Mo ṣí i. Mo ki imú bọ̀ ọ́, mo dijú bí òun náà ṣe máa ń ṣe. Ọsàn kọ́kọ́ wá, kànáfùrù tẹ̀ lé e, oyin náà wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn ni nǹkan tí a kò lè dárúkọ yẹn wà, ilé tí wọ́n ti ń dín nǹkan ọdún. Ó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìkòkò ọ̀gá wa. Gbogbo ọdún tí a fi wá a, a kò rí i. Mo ní imú mi ń tàn mí jẹ ni.

Mo bi í pé, “Ìyàwó wa, ṣé nǹkan míì wà nínú àpótí ìṣó yẹn?”

“Kò sí nǹkan gidi. Agolo pupa kan ni, èyí tí wọ́n ya ẹran oníwo sí lára. Òfìfo ni. Mo ti kó abẹ́rẹ́ àti òwú mi sí i.” Ó na ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì, ó fi hàn mí.

Agolo ọ̀gá ni. Kò tíì tán lọ́jọ́ tó sọ fún mi pé ó ti tán. Ó bu díẹ̀ pamọ́, ó sì fi í sáàárín ìṣó, ó ń wo kàlẹ́ńdà, ó ń dúró de ọ̀sẹ̀ tí ọdún tirẹ̀ àti tèmi yóò pàdé. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà sún mọ́, ó dà á sí i pátá. Ní gbogbo ìgbà tó ń sọ pé ó ku nǹkan kan, ó mọ ohun tó kù. Mo gbé ìdérí dání, mo ń sọ ọ́ sínú pé, Káfíńtà, kò ku nǹkan kan. Kò ku nǹkan kan mọ́ o. Ẹkún gbé mi, ọmọbìnrin náà sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún bu tábà náà, mo fọ́n ọn sí ìloro, mo fọ́n ọn sí ẹ̀gbẹ́ ìdáná, mo fi ìyókù há ihò tó wà lábẹ́ ògiri. Mo fi ìka nu inú ìgò náà kí ohunkóhun má bàa ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ti wó igi máńgòrò wa. Mo dá ìgò padà fún ọmọ náà, mo jẹ mọ́sà díẹ̀ nítorí kí wọ́n má bàa ní mi ò jẹun nílé wọn, mo ṣàdúrà fún wọn, mo sì lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ti gún iyán dè mí, ẹran Iléyá tí àwọn aládùúgbò gbé wá sì wà lórí ọbẹ̀. Ó gbé omi ìfọwọ́ síwájú mi. Mo ní kó bá mi mú ṣíbí wá.

“Ṣíbí kẹ̀? Iyán lẹ fẹ́ fi ṣíbí jẹ?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí, ó mú ṣíbí wá. Ṣíbí ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ náà lọ. Bí mo bá ń wẹ̀, ọwọ́ òsì ni mo fi ń wẹ̀. Bí mo bá dùbúlẹ̀, n óò gbé ọwọ́ ọ̀tún síbi imú. Òórùn náà wà níbẹ̀ títí dé ọjọ́ Kérésìmesì gẹ́gẹ́ bí a ṣe ṣàdéhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, mo gbé e símú, ọwọ́ lásán ni.